Ìwé-ẹ̀rí ara ògiri kò tó

Ìròyìn kan ní ká máa wo ìwé-ẹ̀rí tí oníṣègùn ẹsẹ̀ gbé kọ́ ara ògiri ká tó na ẹsẹ̀ sí i. Ìyẹn kò tó rárá. Ní Bìrìtéènì, orúkọ iṣẹ́ méjì ni òfin dáàbò bò nínú iṣẹ́ yìí: podiatrist àti chiropodist, oníṣègùn ẹsẹ̀ ni méjèèjì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan nínú wọn tan aráàlú jẹ ti rúfin, ilé ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn lé e. Àmọ́ kò sófin tó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ foot health practitioner (olùtọ́jú ìlera ẹsẹ̀) sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ lọ sórí ìkànnì HCPC, ẹ tẹ orúkọ ìdílé oníṣègùn náà tàbí nọ́ńbà rẹ̀. CH ló ń ṣíwájú nọ́ńbà wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún orúkọ fi sílẹ̀, ìwé ara ògiri lè ti di àná. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora. Bí kò bá sí, kó má gún yín láti yọ èékánná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹni tó mọṣẹ́ á ní kẹ́ ẹ dijú, á fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín tó máa ń tẹ̀ bí agbára tí wọ́n fi tì í bá tó gíráàmù 10 kan abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, á bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n lára. Á tún fọwọ́ wá bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lókè ẹsẹ̀. Bẹ́nìkan bá kàn mú abẹ sí awọ líle láìṣe ìwọ̀nyí, ẹ dìde. Ọgbẹ́ tí ẹsẹ̀ kò mọ̀ lára, kí ẹ tó rí i, ó ti lè di egbò ńlá.