Ta ló ń yan iṣẹ́ ara léèsì?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé òyìnbó ló ń yan irú léèsì tí à ń wọ̀, pé ohun tí wọ́n bá ṣáà ti kó wá làwọn oníléèsì Balógun ń tà. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, láti bíi ọdún 1960 síwájú, ọ̀pọ̀ ojúlówó léèsì wa ń wá láti Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria. Àwọn ló ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹni tó mọ ohun tí ọjà ń fẹ́. Wọ́n á gbé àwòṣe wá sí Èkó, àwọn ìyá ọlọ́jà á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní: kí òdòdó yìí tóbi sí i, kí ẹ pa àwọ̀ yẹn dà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wọ bàálù lọ bá wọn níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wádìí, kó wá àkọsílẹ̀ àfihàn African Lace, tó wáyé ní Vienna lọ́dún 2010, kó tó dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan.