Fáńpáyà tó padà wá béèrè bàtà rẹ̀

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Gbogbo ìwé ìtàn fáńpáyà, òkú tó ń jáde nínú sàréè wá mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, tí mo bá ṣí, ọlọ́lá kan náà ni mo máa ń bá nínú rẹ̀: ojú funfun bí ẹfun, aṣọ sẹ́dà lọ́rùn, ààfin tó ń wó lórí òkè, ọmọge kan tí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Láti 1897 tí òǹkọ̀wé Bram Stoker, tí kò fẹsẹ̀ tẹ Transylvania tó fi ìtàn rẹ̀ sí rí, ti gbé ìwé Dracula jáde ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ kan náà fún wa.

Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ náà “fáńpáyà” gbà dé etí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Páríìsì kò ní ààfin kankan. Abúlé ni, ní Sérbíà, lẹ́yìn ogun. Àgbẹ̀ ni òkú tó ń rìn níbẹ̀, tàbí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Kò rù, kò funfun. Ó wú, ó pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Ní 1717 ni ọmọ ogun Ọ́síríà gba Belgrade, ìlú ńlá Sérbíà, lọ́wọ́ àwọn Tọ́ọ̀kì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Passarowitz, apá àríwá Sérbíà sì bọ́ sábẹ́ Vienna, olú ìlú Ọ́síríà. Ìjọba tuntun gba ilẹ̀, ó gba àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Kátólíìkì ni ọ̀gá, Ọ́tódọ́ọ̀sì ni ará oko. Ìṣàkóso wọn kò sì ju ogún ọdún lé díẹ̀ lọ: ní 1739 àwọn Tọ́ọ̀kì tún gbà á padà.

Àárín àkókò yẹn, ní 1725, ni àgbẹ̀ kan, Petar Blagojević, kú ní abúlé Kisiljevo. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, èèyàn mẹ́sàn-án kú tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń sọ lórí ibùsùn ikú pé òun ló wá bá àwọn lójú oorun, tó dùbúlẹ̀ lé àwọn, tó fún àwọn lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ ní ó wá sọ́dọ̀ òun pẹ̀lú. Kò bèèrè ẹ̀jẹ̀ o. Bàtà awọ rẹ̀ ló bèèrè. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó sá lọ sí abúlé mìíràn.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Bàtà! Ta ló máa jókòó sílé tí yóò ronú kan irú èyí? Ẹni tó bá ti wà nílé tí wọ́n ti ń ṣòfò ọkọ mọ ohun tí bàtà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń ṣe síni lọ́kàn.

Frombald, òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ́síríà tó kọ ìròyìn yìí, fẹ́ kí wọ́n dúró de àṣẹ láti Belgrade. Àwọn ará abúlé ní àwọn ò lè dúró. Wọ́n ní láyé àwọn Tọ́ọ̀kì, irú nǹkan báyìí ti pa odindi abúlé run rí. Bí kò bá jẹ́ kí àwọn hú òkú yẹn, àwọn á kó kúrò nílùú. Ó tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n gún òkú náà ní igi ṣóńṣó láyà, wọ́n sun ún. Frombald wá parí lẹ́tà rẹ̀ pé bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kí wọ́n má dá òun lẹ́bi, ẹ̀rù ló ti gba orí àwọn aráàlú. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn ọmọ iṣẹ́ ìjọba? Èmi rẹ́rìn-ín.

Èyí tó tún dùn ún fi kọ ìwé jù ni ti Arnold Paole ní Medveđa, abúlé mìíràn ní Sérbíà. Hajduk ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ìbọn ṣọ́ ẹnubodè. Nígbà ayé rẹ̀, ó máa ń sọ pé fáńpáyà kan yọ òun lẹ́nu ní ìhà ọ̀dọ̀ àwọn Tọ́ọ̀kì, pé òun jẹ nínú erùpẹ̀ sàréè rẹ̀, òun sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa ara kí òun lè bọ́. Ó já bọ́ látorí ọkọ̀ koríko, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ó ń padà wá. Ọkùnrin tó ti òdì kejì ààlà bọ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ ọ̀tá nínú ikùn rẹ̀: ẹ̀yin òǹkọ̀wé, kí lẹ tún ń wá?

Nígbà tí ikú tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́kọ́ rán dókítà kan tó ń jẹ́ Glaser lọ ní ìparí 1731, torí àjàkálẹ̀ àrùn ni ìjọba ń bẹ̀rù. Kò rí àrùn tó ń ràn. Ààwẹ̀ àti àìjẹun-kánú ló dá lẹ́bi. Ó rí i pé lálẹ́, ìdílé méjì mẹ́ta máa ń kó sínú ilé kan, bí àwọn kan bá sùn, àwọn tó kù á máa ṣọ́nà. Ní January 1732, Flückinger, dókítà ológun, dé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ṣọ́jà. Wọ́n sọ fún un pé èèyàn 17 ti kú láàárín oṣù mẹ́ta. Ó tú òkú wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bẹ́ orí àwọn tí wọ́n pè ní fáńpáyà, wọ́n sun wọ́n, wọ́n da eérú sódò Morava. Ìwé tó kọ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri Yúróòpù lọ́dún náà.

Mo máa ń fi wé àkúdàáyà tiwa. Àkúdàáyà a lọ jókòó sí ìlú òkèèrè, a fẹ́ ìyàwó, a máa ta ọjà, bí ará ilé bá sì dé ọ̀hún, ó ti pòórá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sá fún. Ti Sérbíà yìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an ló ń wá: ìyàwó, aládùúgbò, ọmọ ìyá. Ìyẹn ni àwọn tó ń gbé fáńpáyà sínú ààfin kò rí. Àjèjì ni wọ́n sọ ọ́ dà, nígbà tó jẹ́ pé àjèjì tòótọ́ inú ìtàn náà ni ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kálámù àti yíǹkì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó má sáré ṣàlàyé fún wa pé afẹ́fẹ́ ló ń wú òkú, pé òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́nu. A mọ̀. Kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé obìnrin Kisiljevo yẹn dé abúlé tó sá lọ. Frombald kò kọ orúkọ rẹ̀, kò sì kọ bóyá ó fún ọkọ rẹ̀ ní bàtà yẹn.