Ojú ọjọ́ tó tutù kò ní kí oòrùn má pa yín lára

Wọ́n ń sọ pé bí ooru ò bá mú, kò sídìí láti dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Irọ́ ni o! Ìtànṣán UV, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí tó ń ba awọ ara jẹ́, yàtọ̀ sí ooru; ara kì í mọ̀ ọ́n, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í sì í dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Nọ́ńbà UV inú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni kí ẹ máa wò láàárọ̀. Tó bá ti dé 3, ẹ dé akẹtẹ̀, kí ẹ sì fi ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn, tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ààbò rẹ̀ ṣe lágbára tó) jẹ́ 30, ó kéré tán, pa ara: ṣíbí kékeré kan fún ojú àti ọrùn (ẹ má gbàgbé etí). Bí ẹ bá fi ṣahun, kò ní ṣiṣẹ́ tó 30 náà. Ẹ tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Tó bá tó 8, ẹ sún iṣẹ́ ìta kúrò lọ́sàn-án gangan.