Ìwé Ìran tí Ó Fi Abo Ajá Mi fún Ọmọ Ìyá Rẹ̀ Ṣe Aya

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá olójúlówó ìran ní Iléṣà, ní Ilé-Ifẹ̀ àti káàkiri, ẹ ti mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó ní òun ni òun ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ajá fún gbogbo Nàìjíríà. À ń san owó ọdọọdún, à ń san owó orúkọ ilé ajá, à ń san owó lórí ọmọ ajá kọ̀ọ̀kan, a sì ń mú un mọ́ra nígbà tí wọ́n bá pa wá tì. Èmi náà ti mú un mọ́ra títí. Ṣùgbọ́n ìwé ìran, ìwé tí ń sọ bàbá, ìyá àti àwọn òbí àgbà ajá, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè rí kí ó sì dákẹ́.

Abo ajá Alsatian mi ni ó bímọ. Akọ tí ó gùn ún wà ní Àkúrẹ́, olówó rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí dénú: ajá náà ní ìwé, ó ní microchip, ẹ̀rọ kékeré ìdánimọ̀ tí nọ́ńbà 15 wà nínú rẹ̀, lábẹ́ awọ ọrùn, wọ́n sì ti ya àwòrán egungun ìbàdí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó máa gun abo. Mo gbé abo tèmi lọ bá a nígbà tí àkókò rẹ̀ tó. Èmi àti olówó rẹ̀ dúró tì wọ́n títí tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n sì tú, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà sí ilé mi ní Bọ́lọ́rundúró ní Iléṣà, mo tì í mọ́ inú yàrá tirẹ̀ títí ara rẹ̀ fi balẹ̀ pátápátá, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé abo ajá kan lè gba oyún akọ méjì pọ̀, kí ó sì bí ọmọ wọn ní alẹ́ kan náà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ohun kan láti sọ sí ìran àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Bí ó ti bímọ ni mo ti fi fọ́ọ̀mù, fọ́tò, nọ́ńbà bàbá, nọ́ńbà ìyá àti ẹ̀rí owó tí mo san ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìdákẹ́rọ́rọ́. Bí mo bá pè wọ́n lónìí, wọn a ní ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ti rìnrìn àjò. Bí mo bá tún pè, wọn a ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ṣiṣẹ́. Bí mo bá pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tí ó gbé ìpè náà yóò béèrè orúkọ mi bí ẹni pé a kò sọ̀rọ̀ rí. Àwọn ọmọ ajá ń dàgbà, wọ́n ń jẹun, abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn ń wọlé déédéé, àwọn tí wọ́n sì ti san àsansílẹ̀ lórí wọn ń retí ìwé kí wọ́n tó san ìyókù. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ẹni tí ó ra ajá olójúlówó láìní ìwé kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ra ilẹ̀ láìgba ìwé ilẹ̀.

Níkẹyìn, àpò ìwé dé. Ọkùnrin kan tí ń gbé ní agbègbè Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá gba tirẹ̀. Àbúrò ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé ìran kà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà lọ. Ó ṣí i níwájú mi, ó wò ó, ó tún wò ó, ó wá fi ìka sí ibi orúkọ bàbá. Orúkọ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ akọ ti Àkúrẹ́. Orúkọ akọ kan tí ó wà ní Ìbàdàn ni. Mo sì mọ akọ náà dáadáa, nítorí pé òun àti abo ajá mi ni wọ́n jọ wà nínú oyún kan náà, ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá kan náà ló gùn ún, alẹ́ kan náà ni wọ́n délé ayé. Bí ẹ bá wo ibi tí orúkọ àwọn òbí àgbà mẹ́rin yẹ kí ó wà, orúkọ méjì péré ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbójú sókè, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ẹ mú gun ara wọn?”

Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ọmọ tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá jọ bí, ìṣirò fi hàn pé ìdá 25 nínú 100 àwọn àbùdá rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí apá méjèèjì, ti bàbá àti ti ìyá, jẹ́ ọ̀kan náà, kí ó sì ti orísun kan ṣoṣo wá. Níbẹ̀ ni àrùn tí ó fara pamọ́ nínú ìran ti máa ń yọjú. Láti ọdún 2009 ni Kennel Club ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ajá níbẹ̀, ti kọ̀ láti forúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àfi bí ìdí pàtàkì kan bá wà. Ẹgbẹ́ tiwa kò kọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ ohun tí ojú ọmọdé lè rí pé kò dára, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lu ú ní òǹtẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sin ajá náà. Ó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ka ìwé náà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà títí ẹnu fi ń ro mí. Mo fi fọ́ọ̀mù tí a fọwọ́ sí ní Àkúrẹ́ hàn án, mo pe olówó akọ sórí fóònù kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí òun náà bá fẹ́ ta ọmọ fún lọ́jọ́ iwájú kò ní gba àlàyé, ìwé ni yóò wò. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá rẹ̀, ẹnìkan kò sì ní láti kọ́ ọ ní òṣómàáàló: ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ní òun kò ní dìde láìgba owó òun. Mo kà á fún un, nítorí pé ó jàre.

Mo wá pe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ní òun ti rí ohun tí ó fà á: nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni wọ́n fún akọ ti Àkúrẹ́ àti akọ ti Ìbàdàn. Ajá méjì, nọ́ńbà kan! Iṣẹ́ wo ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tún wà fún bí kò bá lè mọ ajá kan yàtọ̀ sí èkejì? Ọdún 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tẹ ìwé ìran àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1874, nígbà tí ó sì di ọdún 1880 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ajá sílẹ̀, kí ajá méjì má baà máa jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé wọn. Àwọn ará Jámánì dá ẹgbẹ́ àwọn olówó ajá Alsatian sílẹ̀ ní ọdún 1899, wọ́n kọ Horand von Grafrath sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajá kìíní, wọ́n sì ń kà á bọ̀ láti ibẹ̀. Gègé àti tàdáwà ni gbogbo wọn fi ṣe é. Àwọn tiwa ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ wọ́n ń pín nọ́ńbà ajá kiri láìwo ìwé.

Mo ní kí ó tún un ṣe. Akọ̀wé ní kí n san owó àtúnṣe. Mo béèrè pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà ni? Ó ní òfin ẹgbẹ́ ni. Ó tún ní bí mo bá tilẹ̀ san án, ìgbìmọ̀ nìkan ni ó lè fọwọ́ sí àtúnṣe orúkọ bàbá, ìgbìmọ̀ kò sì tíì jókòó. “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?” Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tí ó sì pa fóònù.

Gbogbo wa mọ ìdí tí ìgbìmọ̀ kò fi jókòó. Alága méjì ni a ní. Láti ìgbà ìdìbò tí wọ́n kéde rẹ̀ lórí WhatsApp ní alẹ́ tí wọ́n sì dì í ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó lọ́jọ́ kejì, kí àwa tí a wà ní Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Oǹdó tó rí ọkọ̀ wọ̀, ni apá méjì ti wà, apá kọ̀ọ̀kan sì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Apá kan ní ìwé tí èkejì bá fọwọ́ sí kì í ṣe ìwé. Nítorí náà, ìwé tèmi jẹ́ irọ́ lọ́wọ́ apá tí ó tẹ̀ ẹ́, kò sì sí rárá lójú apá kejì. FCI, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ ajá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1911 tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, kì í gbà ju ẹgbẹ́ kan lọ láti orílẹ̀-èdè kan. Ta ni àwọn tiwa rò pé yóò dá wọn lóhùn?

Kí a má tilẹ̀ dárúkọ owó. Òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, pàṣẹ fún ẹgbẹ́ tí ó ní alábòójútó tí a forúkọ wọn sílẹ̀ pé kí ó máa fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí akápò ka ìṣirò owó kan sí etígbọ̀ọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rí. Ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ọmọ ajá ilé ara rẹ̀ ni ó tún ń ṣe adájọ́ níbi ìdíje tí ajá náà ti ń gba ife. Lọ́dọ̀ American Kennel Club ní Amẹ́ríkà, akọ tí ó bá ti bímọ lẹ́ẹ̀meje, tàbí tí ó bá bímọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọdún kan, gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò DNA kí wọ́n tó gba ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Níhìn-ín, ajá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń bímọ káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè itọ́ ẹnu rẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí àwọn olówó fi ń sọ fún wa pé àwọn kò fẹ́ ìwé Nàìjíríà, tí wọ́n fi ń kó owó ńlá lọ ra ajá láti Yúróòpù àti Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí ajá tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní Iléṣà níbí.

Ọmọ ajá tí mo dá owó rẹ̀ padà náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti ga, etí rẹ̀ ti nà ṣánṣán, ó sì jẹ́ ajá tí ẹni tí ó mọ ajá yóò dúró wò. Bí mo bá tà á bí ó ti wà yìí, ẹni tí ó bá rà á lè fi ìwé irọ́ yẹn wá abo fún un lọ́jọ́ kan, kí ó sì mú un lọ gun ẹbí rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láìmọ̀, nítorí pé ìwé ti fi bàbá rẹ̀ pamọ́. Irú nǹkan báyìí ni ó ń ba ìran ajá jẹ́, àwọn tí a sì ń sanwó fún kí wọ́n dènà rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kí wọ́n gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ gbogbo wọn pátá, apá kìíní àti apá kejì. Kí wọ́n tẹ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ajá tí ó wà nínú rẹ̀ síta, kí gbogbo ayé kà á, kí wọ́n sì yẹ DNA wọn wò láti orí ẹni kìíní títí dé orí ẹni ìkẹyìn lówó ẹgbẹ́. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí wọ́n kó owó ọdọọdún wa padà fún wa, gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbà á.