Ta ló ní Àbújá nìkan ló ni iná?

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ wá sí ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù ládùúgbò wa níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín dìde. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi sí iná, páálí ẹja méjì ló ti rà mọ́ òun lọ́wọ́, epo tí òun ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ sì ti jẹ èrè tán. Kí ni káńsù máa ṣe sí i? Ọkùnrin náà fohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé, "Ìyá wa, ọ̀rọ̀ iná kọjá tiwa. Àbújá ló ni ín." Gbogbo wa mi orí. Ìyá náà jókòó.

Irọ́ ni. Ó sì dùn mí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń gbà á gbọ́.

Láti ìgbà tí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti dé ni ọ̀rọ̀ iná ti wà lára ohun tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé lórí. Ìpínlẹ̀ lè kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa pèsè iná. Ìdè kan ló wà níbẹ̀: kìkì ibi tí gírìdì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn àwọn wáyà ńláńlá tó ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà, kò dé ni ìpínlẹ̀ ti lè ṣòfin lórí pínpín iná. Ìdè yẹn ló jẹ́ kí "Àbújá ni" rí ẹsẹ̀ dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe tó já a. Oṣù kẹfà ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin iná tuntun tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa bójú tó ọjà iná inú ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn odi wa níbí náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé àbójútó iná lé Ondó àti Èkìtì lọ́wọ́, pẹ̀lú Enugu. Ní ọdún 2025, àjọ iná Enugu gé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn oníbàárà tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦209 sí ₦160 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Àjọ ìpínlẹ̀ ló ṣe é.

Àwọn tó ń pín iná dé ilé wa pàápàá kì í ṣe ìjọba lásán mọ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n ti ta ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ilé-iṣẹ́ apín-iná fún aládàáni. Kódà ibi tí wọ́n ti ń darí gírìdì gbogbo Nàìjíríà, Òṣogbo tiwa yìí ló wà.

Ó wá ku káńsù. Òótọ́ ni pé káńsù kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti ta iná. Ṣùgbọ́n apá keje ìwé òfin, ẹsẹ kẹta, sọ ọ́ láìfi bò pé ojúṣe káńsù ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé agbègbè rẹ̀, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì fi òfin dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún un. Ṣé ètò ọrọ̀ ajé wo ni yóò wà tí kò ní sí iná nínú rẹ̀? Iná ojú títì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún káńsù. Ọjà náà wà níbẹ̀. Bí káńsù bá fẹ́ gbé sólà sórí ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, kò sí òfin tó ní kó lọ tọrọ rẹ̀ ní Àbújá. Ní àwọn abúlé oníkòkó níhà gúúsù Ifẹ̀, gírìdì kékeré tó ń pèsè iná fún àdúgbò kan péré, tí agbára rẹ̀ kò tó 100 kílówáàtì, kò nílò ju ìforúkọsílẹ̀ lọ lábẹ́ ìlànà NERC. Ní ti owó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà.

Nígbà ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo da ẹsẹ kẹta yẹn kọ sórí ìwé, mo gbé e fún akọ̀wé wa. Ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ẹlẹ́ja ní kó tún un kà ní Yorùbá, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan. Ó ká a, ó fi sínú àpò owó rẹ̀, ó ní òun ń dúró de káńsẹ́lọ̀.