Káàdì tó wọ́n kọ́ ló ń mú àwòrán tẹlifíṣàn mọ́ lórí kọ̀ǹpútà

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Ohun tí ẹ̀gbọ́n kan ní Peckham, ní gúúsù London, fi dá mi lóhùn nìyẹn nígbà tí mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ná 110 pọ́n-ùn sórí káàdì tẹlifíṣàn tuntun, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè mú tẹlifíṣàn. Wọ́n ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, irú èyí kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB, pọ́n-ùn 15 péré. Bí wọ́n bá fi wo ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán á fọ́ sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ẹnu oníròyìn á lọ síbi tí etí rẹ̀ wà, ohùn á máa já wọ́lọwọ̀lọ. Ẹni tó ta ọjà fún wọn ní káàdì tó pọ́ọ́kú ló fà á, kí wọ́n ra èyí tó gbówó lórí. Wọ́n rà á. Wọ́n tú ikùn kọ̀ǹpútà, wọ́n dè é mọ́nú, wọ́n tan án. Ẹnu oníròyìn ṣì wà létí.

"Àbúrò, jọ̀ọ́ wá bá mi wò ó. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?"

Káàdì gidi ni. Èrò tí wọ́n fi rà á ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn nìkan sì kọ́ ló ní èrò náà. Kò sí oṣù tí ẹnìkan kì í béèrè lọ́wọ́ mi pé káàdì wo ni àwòrán rẹ̀ mọ́ jù.

Mi ò bú ẹni tó bá gbà á gbọ́, torí òótọ́ ni lọ́jọ́ kan rí. Láyé analog, ìgbì lásán ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ń jù sójú ọ̀run. Káàdì inú kọ̀ǹpútà ni yóò mú ìgbì yẹn, òun ni yóò sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, àwòrán á mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí, àwọ̀ á ṣì, òjìji á máa tẹ̀lé ènìyàn kiri lójú gíláàsì. Àwọn káàdì tó kún ọjà ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn tó ní ṣíìpù Bt848 tàbí Bt878, kì í fún àwòrán pọ̀ rárá. Ní tútù ni wọ́n ń dà á lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà Pentium inú ilé á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ níbi tó ti ń fún un pọ̀ kó tó lè gbà á sílẹ̀. Nígbà tí irú WinTV-PVR-250 ti Hauppauge dé, tó ní ṣíìpù tirẹ̀ tó ń fún àwòrán pọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní MPEG-2, ó wọ́n, ó sì hàn lójú pé ó yàtọ̀. Owó ló pa ọbẹ̀ yẹn lóòótọ́.

Àmọ́ ayé yẹn ti lọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2012 ni wọ́n pa analog tó kẹ́yìn ní Britain, ní Northern Ireland. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà ti pa tiwọn ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ló ń fún àwòrán pọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí kó tó gun òpó. Nọ́ńbà ló ń já bọ̀ lójú ọ̀run, ní ìdì-ìdì, báìtì 188 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ káàdì kò ju kó mú wọn, kó tún èyí tó bá fara pa lójú ọ̀nà ṣe, kó sì kó wọn fún kọ̀ǹpútà. Ìránṣẹ́ ni. Ìránṣẹ́ tó wọ agbádá aṣọ òkè àti èyí tó wọ bùbá lásán, bí lẹ́tà kan náà bá ni wọ́n gbé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ máa kà nínú rẹ̀. Ìdì tó bá sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ti sọnù nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwòrán digital fi ń mọ́ kedere tàbí kó fọ́ yángá.

Mo ti dán an wò nínú ilé mi. Mo fi splitter pín wáyà áńtẹ́nà kan sí méjì: ọ̀kan lọ sí USB olówó pọ́ọ́kú, èkejì lọ sí káàdì PCI Express tó wọ́n, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́nú kọ̀ǹpútà. Mo gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ètò kan náà sílẹ̀ láti ara àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo gé orí fáìlì méjèèjì kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdì kan náà, mo wá ní kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n wéra. Báìtì kan ṣoṣo kò yàtọ̀.

Kí ló wá ń bá tẹ̀gbọ́n jà ní Peckham? Mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Áńtẹ́nà tó wà níbẹ̀ ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá USB olówó pọ́ọ́kú wá nínú páálí, ìka ọwọ́ mélòó kan péré, tó ní òòfà nídìí. Wọ́n ti yọ ọ́ lára ti àkọ́kọ́, wọ́n fi ṣóńṣó kékeré kan so ó mọ́ káàdì tuntun. Ó dúró ṣánṣán sórí ilẹ̀, láàárín páálí kọ̀ǹpútà onírin àti ògiri, ní yàrá tó kọjú sí àríwá. Òpó Crystal Palace sì wà ní gúúsù wọn, nǹkan bíi kìlómítà 5 sí 6 péré. Òpó yẹn ga ní mítà 219, kílówáàtì 200 ló sì fi ń ju àwọn ìkànnì pàtàkì síta. Ebi ń pa ẹni tó jókòó ti agbada.

Mo béèrè bóyá a lè lọ sí yàrá kejì, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gúúsù. Kábínẹ́ẹ̀tì onírin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, ibi tí wọ́n ń kó ìwé owó-orí sí. Mo lẹ òòfà ìdí áńtẹ́nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì, kí ọ̀pá rẹ̀ lè sùn gbalaja, kó má dúró mọ́. Ẹ fi ojú síbẹ̀ yẹn dáadáa: ìgbì Crystal Palace ń dùbúlẹ̀ wá ni, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ òpó ńlá Britain, áńtẹ́nà tó bá dúró ṣánṣán á sì pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ rèé. Kí a tó ṣí i nípò, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì ṣe lágbára ju ariwo lọ wà ní 14 dB. Nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ tán, ó gòkè sí 27. Ẹnu oníròyìn padà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti ń nawọ́ mú booster kan, ẹ̀rọ tó ń mú ìgbì lágbára sí i, tí wọ́n rà pẹ̀lú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Níbi tó sún mọ́ òpó tó báyẹn, booster á kàn bo tuner, ẹ̀yà káàdì tó ń mú ìgbì, mọ́lẹ̀ ni, wàhálà á sì padà dé.

"Kí wá ni 110 pọ́n-ùn mi lọ ṣe?"

Ìbéèrè gidi. Owó yẹn ra nǹkan, kò kàn ra mímọ́ àwòrán ni. Àkọ́kọ́, ó ra DVB-T2, èdè tuntun tí òpó fi ń bá tuner sọ̀rọ̀; DVB-T ni ti àtijọ́. USB olówó 15 tiwọn kò gbọ́ ju DVB-T lọ, àwọn ìkànnì HD ti Freeview, tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ ti Britain, sì wà lórí T2. HD mọ́ ju àwọn yòókù lọ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: wọ́n á paárọ̀ káàdì, wọ́n á rí HD, wọ́n á ní owó ló ṣe é. Èdè tí káàdì gbọ́ ló ṣe é, USB tó gbọ́ T2 sì wà lọ́jà tí kò sún mọ́ 110 rárá.

Èkejì, tuner méjì ló wà lára káàdì yẹn. Níbí náà, àwọn ènìyàn máa ń rò pé kí èèyàn tó lè wo ètò kan kó sì máa gba òmíràn sílẹ̀, àfi kó ní méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbì kan ṣoṣo ń gbé ọ̀pọ̀ ìkànnì pọ̀. Láti Crystal Palace, BBC One àti BBC Two jọ wà nínú ìgbì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 23. ITV1, Channel 4 àti Channel 5 jọ wà nínú 26. Tuner kan tó bá wà lórí 23 lè fún yín ní BBC méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ bá ń lo ètò kọ̀ǹpútà bíi Tvheadend tàbí NextPVR. Bí ẹ bá fẹ́ BBC One pẹ̀lú ITV1 ni ẹ máa nílò tuner méjì.

Mo gbà pé níbi tí ìgbì bá ti rẹ̀, tuner tó dára á fi díẹ̀ ju èyí tí kò dára lọ. Àmọ́ áńtẹ́nà tó wà lórí òrùlé á ju àwọn méjèèjì lọ fíìfíì.

Ẹ̀rù àìlágbára kọ̀ǹpútà náà ń ba ẹ̀gbọ́n. Nǹkan tó ti di nọ́ńbà kò béèrè agbára láti gbà sílẹ̀. Kíkọ sí dísíìkì lásán ni. Ìkànnì tó ń sáré ní mẹ́gábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú àáyá á gba 1.35 GB ní wákàtí kan. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ èyíkéyìí lè ṣe é. Ohun tó ń da ìgbasílẹ̀ rú ni oorun kọ̀ǹpútà, tó bá sùn kí àkókò tó tó, àti dísíìkì tí wọ́n ṣe ní FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì àtijọ́, tí kì í gba fáìlì kan tó bá kọjá 4 GB. Ẹ ro bọ́ọ̀lù HD tó ń sáré ní mẹ́gábíìtì 5: kó tó pé wákàtí méjì, fáìlì yẹn ti kún. Ètò kan á pín in sí méjì, òmíràn á kàn dákẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè. Ẹ fi NTFS tàbí exFAT ṣe dísíìkì yín. (Kí n fi èyí bọ ọ́ lẹ́nu: ní Britain, wíwo tẹlifíṣàn ojú ẹsẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àti gbígbà á sílẹ̀, nílò TV Licence, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń sanwó fún, bákan náà.)

"Ó dáa," ni wọ́n wí, "màá fi kékeré yìí ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn."

Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ san owó ìfìránṣẹ́. DVB-T2 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS yàn. Òun ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2016, òun ló sì dé Èkó ní 2021. USB tí kò gbọ́ T2 á wá ìkànnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà tún burú jù, torí ATSC ni tiwọn, èdè mìíràn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìlú nílé ni analog sì ṣì wà, ẹni tó bá fẹ́ gba ìyẹn sílẹ̀ nílò káàdì tó gbọ́ méjèèjì, ibẹ̀ sì ni bí káàdì ṣe dára tó ṣì ń hàn lójú. Ní ti GOtv àti DStv, wọ́n ti tì í pa. Káàdì tó wọ́n jù láyé kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n dìde lọ gbé omi wá fún mi. Mo fa wáyà áńtẹ́nà yọ lára káàdì tuntun, mo fi bọ USB olówó 15, mo sì ṣí BBC One padà. Wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n wo ìròyìn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ń mi orí.

"Àbúrò, jẹ́ n sọ òótọ́ fún ẹ. O ti ṣàlàyé, mo sì gbọ́. Àmọ́ wo bí ojú obìnrin yẹn ṣe mọ́ tó. Káàdì olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe èyí láé."

Mo mu omi mi.