Ògiri Tó Lanu fún Wàràkàṣì

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n wí pé ẹ̀sìn lọ́tọ̀, ìjọba lọ́tọ̀. Àlùfáà náà sì mọ ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ wọn débi pé ó ń wọlé, ó ń jáde, bí ẹni tó lọ kí àna rẹ̀.

Láti 1791 ló ti wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn pé ìjọba kò gbọdọ̀ ṣòfin láti gbé ẹ̀sìn kankan kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1789, kí yíǹkì òfin yẹn tó gbẹ, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ti gba àlùfáà síṣẹ́ tí yóò máa gbàdúrà fún wọn, owó ìlú ni wọ́n sì fi ń sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ náà ṣì wà títí dòní. James Madison tó jẹ́ abẹnugan nínú kíkọ òfin ọ̀hún wá kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó darúgbó pé àlùfáà olówó-oṣù yìí kò bá òfin mu. Ó ti pẹ́ jù, bàbá. Ta ní í lé àlejò tó ti báni jẹun?

Thomas Jefferson, ààrẹ wọn nígbà náà, ló wá sọ ọ́ di ògiri. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní 1802, ó kọ lẹ́tà sí àwọn Onítẹ̀bọmi ìlú Danbury pé ògiri ló wà láàárín ìjọ àti ìjọba. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, John Leland, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, gbé wàràkàṣì kan ṣoṣo tó wúwo ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ wá fún un, ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Cheshire ní Massachusetts. (Wọ́n ní wàrà màlúù ẹgbẹ́ òṣèlú Jefferson nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ má bi mí bí màlúù ṣe ń gba káàdì ẹgbẹ́.) Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù, Leland ń wàásù nínú gbọ̀ngàn àwọn aṣojú-ṣòfin, Jefferson sì jókòó, ó ń gbọ́. Leland yìí kan náà wà lára àwọn tó ń jà fún ògiri ọ̀hún kíkankíkan o! Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ti Amẹ́ríkà lanu tó ẹni tí yóò gba odidi wàràkàṣì wọlé.

Àtìgbà náà ni oúnjẹ ti mọ ojú ihò yẹn. Láti 1953, nígbà ìjọba Ààrẹ Eisenhower, ni ààrẹ, aṣòfin àtàwọn èèyàn Ọlọ́run ti ń pàdé lọ́dọọdún nídìí oúnjẹ àárọ̀ àti àdúrà. Nígbà tó di 1954, wọ́n ṣòfin pé ìjọ tí kì í san owó orí kò gbọdọ̀ polongo fún olùdíje kankan. Ẹ máa bọ̀, ẹ wá jẹun, ẹ ṣáà ti gbé ìbò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì?

Ẹni tójú ò tì ńkọ́? Oṣù Kẹwàá 2013, ìjà àwọn aṣòfin ti ti iṣẹ́ ìjọba pa. Barry Black, àlùfáà Ilé Aṣòfin Àgbà, gbàdúrà òwúrọ̀, ó bẹ Ọlọ́run kó gbà wọ́n lọ́wọ́ wèrè, ó tún fi àgàbàgebè kún un. Àmín dún. Ọjọ́ 16 ni iṣẹ́ ìjọba fi wà ní títì.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án 2015 ni eré ọ̀hún wá dùn jù. Póòpù Francis dé, póòpù àkọ́kọ́ tí yóò bá ilé méjèèjì sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ó mẹ́nu ba àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn, inú apá kan dùn. Ó ní kí wọ́n dáàbò bo ẹ̀mí èèyàn ní gbogbo ìpele, àwọn tó ń gbógun ti oyún ṣíṣẹ́ fò dìde, àtẹ́wọ́ ń ró wàá. Ibi tí wọ́n rò pé ó ń lọ kọ́ ló gbà: ó ní kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ ikú. Lójijì, àga dùn-ún jókòó lé!

Póòpù parí, ó jáde. Aṣòfin kan láti Philadelphia sáré lọ síbi tó ti sọ̀rọ̀, ó gbé ife omi tí bàbá mu kù, ó gbé e dé ọ́fíìsì. Ó mu nínú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ mu, ó sì tọ́jú ìyókù de àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. N ò bá a jà, ta ni kò fẹ́ ìbùkún? Ṣùgbọ́n bébà tí bàbá kà, tí ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú àti ti àlejò wà nínú rẹ̀, n ò tíì gbọ́ pé aṣòfin kankan fi í sábẹ́ aṣọ gbé e relé.